Ìjọ Congregational àti Ìdásílẹ̀ Ilé-Ẹ̀kọ́ Aládàáni ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

1.0 Ìfáàrà

Bí a bá ń ka orúkọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí òkìkí wọn kàn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bí i Harvard, Yale, Dartmouth, Williams, Bowdoin àti Amherst, kì í sábà wá sí ènìyàn lọ́kàn pé àwọn ọmọ ìjọ kan náà ni wọ́n wà nídìí ìdásílẹ̀ gbogbo wọn. Ìjọ náà ni à ń pè ní Congregational. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìjọ Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì, Onítẹ̀bọmi àti ìjọ Àgùdà ni wọ́n kó ipa tí ó pọ̀ jù nínú ìdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ láyé àwọn ajíhìnrere. Nítorí náà, kò yani lẹ́nu pé orúkọ Congregational ṣàjèjì sí etí ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ìbéèrè méjì ni bébà yìí fẹ́ dáhùn. Èkíní ni pé, kí ni ó mú kí ìjọ yìí kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Èkejì ni pé, kí ni ó fà á tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà fi bọ́ kúrò lọ́wọ́ ìjọ tí ó bí wọn? Èrò tí bébà yìí gbé kalẹ̀ ni pé ìdáhùn kan náà ni ó wà fún ìbéèrè méjèèjì, èyí nì ni ìlànà ìṣàkóso ìjọ náà fúnra rẹ̀. Ìlànà tí kò jẹ́ kí ìjọ kan jẹ ọ̀gá lé òmíràn lórí náà ni kò jẹ́ kí ìjọ lè di ilé-ẹ̀kọ́ mú nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ dàgbà tán.

2.0 Ìlànà Ìjọ Congregational

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọ yìí ti ṣẹ̀ wá. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn kan wà tí wọ́n gbà pé àtúnṣe tí ó bá ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tíì tó. Àwọn kan nínú wọn ya ara wọn sọ́tọ̀ pátápátá. Àwọn yòókù, tí à ń pè ní Puritan, fẹ́ láti fọ ìjọ náà mọ́ láti inú. Apá kìíní ni ó tẹ̀dó sí Plymouth ní ọdún 1620. Apá kejì ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó tẹ̀dó sí Massachusetts láti ọdún 1630, lábẹ́ ìdarí John Winthrop. Ní agbègbè tí à ń pè ní New England yìí ni ìlànà Congregational ti gbilẹ̀, tí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé àdéhùn tí a ń pè ní Cambridge Platform ní ọdún 1648.

Kókó ìlànà náà kò le. Kò sí bíṣọ́ọ̀bù. Kò sí ìgbìmọ̀ òkè tí ó lè pàṣẹ fún ìjọ. Àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n bá ara wọn dá májẹ̀mú ní ìlú kan ni ìjọ. Àwọn ni wọ́n ń yan àlùfáà wọn, àwọn náà ni wọ́n sì lè yọ ọ́. Ìjọ mìíràn lè gbà wọ́n nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn náà kì í ṣe àṣẹ.

Ohun méjì ni ó ti inú ìlànà yìí jáde tí ó kan ẹ̀kọ́. Àkọ́kọ́ ni pé àlùfáà tí kò ní àṣẹ bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ohun mìíràn tí yóò fi gbayì láàrin ìjọ. Ohun náà ni ìmọ̀. A retí pé kí ó lè ka Bíbélì ní èdè Hébérù àti Gíríìkì, kí ó sì gbọ́ Látìnì. Èkejì ni pé ọmọ ìjọ tí ó ní ẹ̀tọ́ láti yan àlùfáà gbọ́dọ̀ lè ka Bíbélì fúnra rẹ̀, kí ó lè mọ̀ bí ohun tí àlùfáà ń wàásù bá bá Ìwé Mímọ́ mu. Ìjọ tí ó kọ bíṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ kò lè ṣe aláìní ilé-ẹ̀kọ́.

Ó yẹ kí a fi kún un pé òmìnira ìjọ kọ̀ọ̀kan kò túmọ̀ sí òmìnira fún gbogbo ẹlẹ́sìn. Láàrin ọdún 1659 sí 1661, a so àwọn Quaker mẹ́rin rọ̀ ní Boston nítorí ẹ̀sìn wọn. Owó orí ni a fi ń gbọ́ bùkátà àwọn ìjọ náà. Èyí kò dópin ní Connecticut títí di ọdún 1818, àti ní Massachusetts títí di ọdún 1833.

3.0 Harvard àti Òfin Ọdún 1647

Ní ọdún 1636, nígbà tí ìlú tuntun náà kò tíì pé ọdún méje, ìgbìmọ̀ aṣòfin Massachusetts ya irínwó pọ́n-ùn sọ́tọ̀ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì kan. Ní ọdún 1638, àlùfáà kan ní Charlestown, John Harvard, kú. Ó fi ìdajì ohun ìní rẹ̀ àti nǹkan bí irínwó ìwé sílẹ̀ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni a fi orúkọ rẹ̀ sọ ibẹ̀.

Òfin ọdún 1647 sọ ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ débi àwọn ìlú kéékèèké. Ìlú tí ó bá ní àádọ́ta agbo-ilé gbọ́dọ̀ gba olùkọ́ tí yóò kọ́ ọmọdé ní ìwé kíkà àti kíkọ. Ìlú tí ó bá ní ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ gírámà sílẹ̀ tí yóò lè pèsè ọmọ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìdí tí òfin náà fúnni ni pé Èṣù fẹ́ kí àwọn ènìyàn má lè ka Ìwé Mímọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ Roxbury Latin, tí John Eliot dá sílẹ̀ ní ọdún 1645, ṣì wà títí di òní gẹ́gẹ́ bí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni.

Ìwé-àṣẹ ọdún 1650 ni ó ṣe pàtàkì jù fún àríyànjiyàn bébà yìí. Ó fi ìṣàkóso Harvard lé ènìyàn méje lọ́wọ́: ààrẹ, akápò, àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ márùn-ún. Bí ọ̀kan bá kú tàbí tí ó kúrò, àwọn yòókù ni yóò yan ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú ìfọwọ́sí ìgbìmọ̀ àwọn alábòójútó. Bí ìjọ ti ń yan àlùfáà rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ yìí ṣe ń yan ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Irú ìgbìmọ̀ tí ó ń yan ara rẹ̀ báyìí ni ó wá di àpẹẹrẹ fún ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ní Amẹ́ríkà.

Ìwé-àṣẹ kan náà sọ pé ẹ̀kọ́ náà wà fún àwọn ọ̀dọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn onílẹ̀, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Índíà. Caleb Cheeshahteaumuck, ọmọ ẹ̀yà Wampanoag, gba oyè níbẹ̀ ní ọdún 1665, ó sì kú ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ìlérí tí a ṣe fún àwọn onílẹ̀ yìí yóò tún jẹ yọ níwájú.

4.0 Yale: Nígbà tí Ọmọ Bá Yapa

Ààrẹ Harvard àkọ́kọ́, Henry Dunster, ni ó kọ́kọ́ fi ìṣòro ìlànà náà hàn. Ó di ẹni tí kò gba ìtẹ̀bọmi ọmọ ọwọ́ gbọ́, ó sì ní láti fi ipò sílẹ̀ ní ọdún 1654. Ẹ̀kọ́ tí ìjọ kọ́ni pé kí olúkúlùkù yẹ Ìwé Mímọ́ wò fúnra rẹ̀ ni ó mú ààrẹ dé ibi tí ìjọ kò fẹ́.

Ní ọdún 1701, àwọn àlùfáà mẹ́wàá gba àṣẹ láti dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tuntun sílẹ̀ ní Connecticut. Àwọn kan nínú àwọn tí ó tì wọ́n lẹ́yìn gbà pé Harvard ti ń dẹ̀. Ní ọdún 1718 ni a fi orúkọ Elihu Yale sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, ẹni tí ó ti ṣe gómìnà ní Madras lábẹ́ ilé-iṣẹ́ East India. Ẹ̀bùn rẹ̀ ni ẹrù tí a tà ní nǹkan bí 562 pọ́n-ùn, ìwé 417, àti àwòrán Ọba George Kìíní. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni Yale fúnra rẹ̀.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, Timothy Cutler, àti àwọn kan pẹ̀lú rẹ̀ kéde pé àwọn ti gbà pé àlùfáà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ láti ọwọ́ bíṣọ́ọ̀bù. Inú àwọn ìwé tí ó wà nínú yàrá ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ni wọ́n ti rí èrò yìí. Ìgbìmọ̀ yọ Cutler, ó sì ṣòfin pé olórí àti olùkọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ìgbàgbọ́ Saybrook. Ní ìgbà ìsọjí ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1740, a lé akẹ́kọ̀ọ́ kan, David Brainerd, jáde, nítorí ó sọ pé oore-ọ̀fẹ́ tí ó wà lára olùkọ́ kan kò ju ti àga lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò wúwo púpọ̀ lójú àwọn tí ó gbọ́ ọ níta, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ìgbìmọ̀ ti di ohun tí bíṣọ́ọ̀bù jẹ́ fún àwọn baba ńlá wọn.

5.0 Dartmouth: Owó Occom àti Ẹjọ́ Ọdún 1819

Ìtàn Dartmouth ni ó fi iyì àti àbùkù ìlànà yìí hàn jù. Àlùfáà Congregational kan, Eleazar Wheelock, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Lebanon, ní Connecticut, fún àwọn ọmọ onílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tí ó gbayì jù ni Samson Occom, ọmọ ẹ̀yà Mohegan, tí ó di àlùfáà. Ní ọdún 1766 sí 1768, Occom rin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland já, ó wàásù ju ọ̀ọ́dúnrún ìgbà lọ, ó sì kó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjìlá pọ́n-ùn jọ fún ẹ̀kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀.

Owó náà ni Wheelock fi ṣe ìpìlẹ̀ Dartmouth ní New Hampshire. Ìwé-àṣẹ ọdún 1769 dárúkọ àwọn ọ̀dọ́ onílẹ̀ ṣáájú, ó wá fi ti Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn yòókù kún un. Ṣùgbọ́n ọmọ òyìnbó ni ó kún ibẹ̀. Occom fi ìbànújẹ́ rẹ̀ hàn fún Wheelock nínú lẹ́tà, ọ̀nà wọn sì yà. Láti ìgbà náà títí di ọdún 1970, àwọn ọmọ onílẹ̀ tí ó gba oyè ní Dartmouth kò pé ogún. Ní ọdún yẹn ni ààrẹ tuntun, John Kemeny, ṣèlérí pé kọ́lẹ́ẹ̀jì yóò mú ìdí ìdásílẹ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ní ọdún 2022, Dartmouth dá àwọn ìwé àti lẹ́tà Occom padà fún ẹ̀yà Mohegan.

Ẹjọ́ tí ó dé bá Dartmouth ni ó sọ ọ́ di pàtàkì fún gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Ní ọdún 1816, ìjọba ìpínlẹ̀ New Hampshire ṣòfin láti sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà di yunifásítì tí ìjọba yóò máa yan alábòójútó fún. Ìgbìmọ̀ àtijọ́ kọ̀, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù. Daniel Webster, tí ó kàwé ní Dartmouth, ni ó ṣe agbẹjọ́rò wọn. Ní ọdún 1819, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, lábẹ́ John Marshall, dájọ́ pé ìwé-àṣẹ jẹ́ àdéhùn tí òfin orílẹ̀-èdè dáàbò bò, ìpínlẹ̀ kò sì lágbára láti yí i padà láìjẹ́ pé àwọn alábòójútó gbà.

Láti ìgbà náà ni ìyàtọ̀ láàrin ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti aládàáni ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ lójú òfin. Ṣáájú ìdájọ́ yìí, ìjọba ń fún Harvard àti Yale lówó, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń jókòó pẹ̀lú àwọn alábòójútó. Kò sí ẹni tí ó lè sọ ibi tí ti ìjọba parí sí. Ìdájọ́ náà gba ìgbìmọ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ tí ó fún ìjọ ní agbára lórí ìgbìmọ̀. Òfin tí ó dáàbò bo kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ dáàbò bò ó lọ́wọ́ ìjọ pẹ̀lú.

6.0 Andover àti Ìrìn Lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn

Ìlànà kan náà ni a fi dá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń múra ọmọ sílẹ̀ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀. Samuel Phillips dá Phillips Academy sílẹ̀ ní Andover ní ọdún 1778. John Phillips, tí ó jẹ́ arákùnrin baba rẹ̀, dá ti Exeter sílẹ̀ ní ọdún 1781. Ìwé òfin ti Andover so ìwà rere àti ìmọ̀ pọ̀, ó sì kà á sí ewu bí ìmọ̀ bá wà láìsí ìwà.

Ní ọdún 1805, Harvard yan Henry Ware, ẹni tí kò gba ẹ̀kọ́ Mẹ́talọ́kan, sí ipò ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀kọ́ ìsìn. Àwọn tí ó di ìgbàgbọ́ àtijọ́ mú rí i pé àwọn kò ní ọ̀nà láti yẹ ìyànsípò náà, nítorí ìgbìmọ̀ ni ó ni àṣẹ. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n kọ́ ibòmíràn. Báyìí ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, Andover Theological Seminary, ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1808. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ni wọ́n ṣokùnfà ẹgbẹ́ ajíhìnrere American Board ní ọdún 1810. Ìjà ẹ̀kọ́ ìsìn ni ó sábà ń bí ilé-ẹ̀kọ́ tuntun láàrin àwọn Congregational.

Bí àwọn ará New England ti ń ṣí lọ sí ìwọ̀-oòrùn ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ń bá wọn lọ. Àwọn ọ̀dọ́ láti Yale kópa nínú ìdásílẹ̀ Illinois College ní ọdún 1829. Ní ọdún 1843, àlùfáà mọ́kànlá láti Andover lọ sí Iowa pẹ̀lú ìpinnu pé kí olúkúlùkù dá ìjọ kan sílẹ̀, kí gbogbo wọn sì pawọ́ pọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì kan sílẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ni à ń pè ní Grinnell lónìí. Beloit tẹ̀ lé e ní 1846, Carleton ní 1866, Colorado College ní 1874, Pomona ní 1887.

Fún àwọn obìnrin, Mary Lyon ṣí Mount Holyoke ní Massachusetts ní ọdún 1837. Ó ti lọ láti ìlú dé ìlú láti gba owó kékeré lọ́wọ́ àwọn obìnrin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń se oúnjẹ, tí wọ́n sì ń fọ aṣọ. Èyí ni ó jẹ́ kí owó ọdún kan wà ní ọgọ́ta dọ́là. Oberlin, tí a dá sílẹ̀ ní Ohio ní ọdún 1833, pinnu ní 1835 láti gba aláwọ̀ dúdú, ó sì gba obìnrin sí ẹ̀kọ́ oyè ní 1837.

7.0 Àwọn Aláwọ̀ Dúdú àti Ẹgbẹ́ American Missionary Association

Ní ọdún 1839, àwọn ọmọ Áfíríkà tí a kó lẹ́rú, tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ Mende, gba ọkọ̀ Amistad lọ́wọ́ àwọn tí ó ń gbé wọn lọ. A kó wọn sí ẹ̀wọ̀n ní New Haven, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́ èdè wọn. Josiah Gibbs, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yale, kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ení, èjì títí dé ẹ̀wá lẹ́nu wọn. Ó lọ sí èbúté New York, ó ń ka á sókè láàrin àwọn atukọ̀, títí ó fi rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan, James Covey, tí ó gbọ́ ọ. Covey ni ó di ògbufọ̀ wọn. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá wọn sílẹ̀ ní ọdún 1841, àwọn tí ó kù nínú wọn sì padà sí Sierra Leone.

Láti inú ìgbìmọ̀ tí ó jà fún wọn ni ẹgbẹ́ American Missionary Association ti jáde ní ọdún 1846. Kì í ṣe ẹgbẹ́ ìjọ kan ṣoṣo ní orúkọ, ṣùgbọ́n àwọn Congregational ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ẹgbẹ́ yìí rán àwọn olùkọ́ lọ sí gúúsù. Ó kópa nínú ìdásílẹ̀ Atlanta University ní 1865, Fisk ní 1866, Talladega ní 1867, Hampton ní 1868 àti Tougaloo ní 1869. Nígbà tí owó tán ní Fisk, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ akọrin ibẹ̀ jáde ní ọdún 1871 láti fi orin àwọn baba wọn wá owó, wọ́n sì rí èyí tí a fi kọ́ ilé ńlá Jubilee Hall. W. E. B. Du Bois gba oyè ní Fisk ní ọdún 1888, ó sì kọ́ni ní Atlanta láti ọdún 1897 títí di 1910.

Síbẹ̀, ìgbìmọ̀ tí ó ń yan ara rẹ̀ sábà máa ń yan ẹni tí ó jọ ọ́. Ọgọ́rin ọdún ni Fisk lò kí aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́, Charles S. Johnson, tó di ààrẹ rẹ̀ ní ọdún 1946.

Ìtàn yìí kan ọmọ Yorùbá ní tààrà. Ní British Guiana ni a bí William James Davies. Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀. Sierra Leone ni ó dàgbà sí. Ní ọdún 1887, ó fi orúkọ òyìnbó sílẹ̀, ó sì ń jẹ́ Orishatukeh Faduma. Ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ ìsìn ti Yale ní 1894, ó sì lọ ṣe àlùfáà àti olórí ilé-ẹ̀kọ́ Peabody Academy ní Troy, ní North Carolina, lábẹ́ ẹgbẹ́ yìí kan náà. Àlùfáà Congregational tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òrìṣà kì í ṣe ohun tí àwọn àlùfáà mẹ́wàá ọdún 1701 lè rò tẹ́lẹ̀. Ìlànà tí ó fi ìpinnu sílẹ̀ fún ìjọ kọ̀ọ̀kan ni ó fi àyè sílẹ̀ fún un.

8.0 Ìyapa Ìjọ àti Ilé-Ẹ̀kọ́

Ìyapa náà kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Láti ọdún 1865 ni àwọn tí ó jáde ní Harvard ti ń dìbò yan àwọn alábòójútó. Yale fún àwọn tirẹ̀ ní ipò nínú ìgbìmọ̀ ní ọdún 1872. Harvard fagi lé àdúrà ọ̀ranyàn ní 1886, Yale ní 1926. Arthur Hadley, tí ó di ààrẹ Yale ní ọdún 1899, ni ààrẹ àkọ́kọ́ níbẹ̀ tí kì í ṣe àlùfáà. Nígbà tí àjọ tí Andrew Carnegie dá sílẹ̀ ní 1905 bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò gba ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọ ń ṣàkóso. Fún kọ́lẹ́ẹ̀jì tí bíṣọ́ọ̀bù tàbí ìgbìmọ̀ òkè ni ín, èyí jẹ́ ìṣòro ńlá. Fún ti àwọn Congregational, ohun tí ó so ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ ìjọ jẹ́ ìfẹ́ àti àṣà, kì í ṣe òfin; ohun tí kò sí nínú ìwé kò ṣòro láti fi sílẹ̀.

Ìjọ náà pàápàá yí padà. Ní ọdún 1957, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ darapọ̀ mọ́ àwọn mìíràn láti di United Church of Christ.

9.0 Ìgúnlẹ̀

Bébà yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìlànà òmìnira ìjọ kọ̀ọ̀kan ni ó mú kí àwọn Congregational nílò ilé-ẹ̀kọ́. Ìlànà náà ni ó fún ilé-ẹ̀kọ́ ní ìgbìmọ̀ tí ó ń yan ara rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ ní ọdún 1819, àti lọ́wọ́ ìjọ lẹ́yìn náà.

Yorùbá a máa sọ pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ti jìnnà sí orísun wọn, wọn kò sì gbẹ. Ṣùgbọ́n ìjọ nìkan kọ́ ni orísun náà. Owó tí Occom kó jọ wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn ẹrú wà nínú rẹ̀: ní ọdún 2022, Harvard gbé ìròyìn jáde pé àwọn olórí, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ní ju àádọ́rin ẹrú lọ, ní ọdún 2024, Yale tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ìgbìmọ̀ tí kò sí ẹni tí ó lè pàṣẹ fún lè kọ̀ fún ọba, ó lè kọ̀ fún bíṣọ́ọ̀bù. Ó sì lè gbàgbé ẹni tí ó jẹ ní gbèsè fún igba ọdún, láìsí ẹni tí yóò mú un. Ibi tí agbára ìlànà yìí wà náà ni àìlera rẹ̀ wà, ó sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi irú rẹ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbòmíràn wo ìhà méjèèjì kí ó tó bẹ̀rẹ̀.